Ọ̀já Gàárì Lọ́yà Onírèké

Nígbà tí mi ò tíì ga ju tábìlì tí bàbá mi fi ń gé awọ lọ, mo ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín awọ ẹ̀yìn màlúù àti awọ ikùn rẹ̀. Ẹ lè fi aṣọ dì mí lójú, kí ẹ fi awọ méjèèjì lé mi lọ́wọ́, màá sọ èyí tó máa fà bí ọjọ́ bá ti ń lọ àti èyí tí kò ní í yẹ̀ láéláé. Ní báyìí tí mo ti di arúgbó tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Bódìjà, ìmọ̀ yẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbàgbé. Bí ọmọ-ọmọ mi bá gbé báàgì tuntun wálé, tó ní awọ gidi ni, màá kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, màá sì ní ó dára. Kò yẹ kéèyàn ba ọmọdé nínú jẹ́ nítorí báàgì.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti kọ́ iṣẹ́ awọ kí wọ́n tó wá sí Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Dùgbẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, inú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà la sì ń gbé. Wọ́n máa ń ṣe bàtà àti àpò nígbà tí ọjà bá tutù, àmọ́ iṣẹ́ ẹṣin ni iṣẹ́ wọn gan-an: gàárì, ìjánu, àti oríṣiríṣi okùn awọ tí wọ́n fi ń de ẹṣin. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹṣin wà ní Ìbàdàn dáadáa nígbà náà. Àwọn kan lára àwọn èèyàn ńlá Onírèké kọ́ ilé ẹṣin sẹ́yìn ilé tiwọn, pápá kan sì wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ti máa ń sáré ẹṣin. Ohunkóhun tó bá já lára àwọn ẹṣin yẹn, Dùgbẹ̀ ló ń bọ̀, lọ́dọ̀ bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí awọ ṣe ń mu òróró fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Awọ màlúù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń le gan-an bí igi. Bí wọ́n bá fi de ẹṣin bẹ́ẹ̀, á máa ha ẹran náà lára, láìpẹ́ láìjìnnà, á sán, á sì já. Bàbá mi máa ń yọ́ ọ̀rá màlúù pọ̀ mọ́ ìda oyin nínú ìkòkò kékeré kan, wọ́n á da òróró lé e, wọ́n á jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọwọ́ lásán la fi ń pa á sára awọ, a kì í lo aṣọ, a kì í lo búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó máa pa á títí àtẹ́lẹwọ́ yín á fi gbóná, torí ooru ọwọ́ ló ń ti ọ̀rá náà wọnú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn wà, tí oòrùn ò ti ní í rí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó tún un pa. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó tún un pa. Bó bá ti mu ún yó, ẹ lè ká a mọ́ ìka yín bí ẹni ń ká òwú, ẹ ò ní í rí ojú sísán kankan.

Ọmọ mẹ́fà la jẹ́ fún bàbá mi, èmi nìkan ni wọ́n fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Wọ́n ní ọwọ́ mi rọ̀, ó sì máa ń tètè gbóná. Bí oníbàárà bá wọlé, wọ́n á pè mí jáde. “Ẹ wo ọmọ yìí,” ni wọ́n á wí, “òun ló ń bọ́ awọ mi.” Orí mi á wú. Àfi bí ẹni pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù náà.

Láàárín àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kan wà tí gbogbo àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Ará Òkè Ọya ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n tínínrín, wọ́n sì máa ń rìn bíi pé ẹnì kan ń sùn nítòsí tí wọn ò fẹ́ jí. Àwọn ló ń tọ́jú ẹṣin mẹ́ta fún lọ́yà kan ní Onírèké. Lọ́yà yẹn ni oníbàárà tó tóbi jù tí bàbá mi ní, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ẹṣin, ibi tó bá ń ná ni wọ́n ń ná. Ní ọjọ́ Sátidé, Bàbá Ẹlẹ́ṣin á kó gbogbo okùn tó bá fẹ́ àtúnṣe wá, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àti bàbá mi á sì máa sọ̀rọ̀ awọ bí àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń hu eyín.

Wọ́n gbọ́ Yorùbá, àmọ́ wọn ò mọ̀ pé a máa ń sọ “o” fún ọmọdé. “Ẹ” ni wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn, títí kan àwọn ẹṣin. “Sànnú o, ìyá kékeré,” ni wọ́n máa ń kí mi. “Ọwọ́ yín ńkọ́?” Èmi á na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ rà á, a ó sì jọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ní ọmọbìnrin kan nílé tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ti rí i.

Lọ́jọ́ kan bàbá mi rán mi ní ìjánu lọ sí Onírèké. Lọ́yà ò sí nílé. Bàbá Ẹlẹ́ṣin wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n sì gbé mi gun ẹṣin pupa kan tó tutù jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n di okùn rẹ̀ mú, wọ́n ń fà wá lọ jẹ́jẹ́ yí àgbàlá náà ká. Láti orí ẹṣin yẹn, mo rí òrùlé ilé tí mi ò rí rí. Mi ò mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá kékeré, ohùn yín tún wá dára ju ọwọ́ yín lọ.”

Aláṣọ funfun ni wá nílé wa. Bàbá mi kì í wọ bàtà kankan bí wọ́n bá ti gbé sùtánà wọ̀, àwọn tí wọ́n ń ṣe bàtà fún ọmọ aráyé. Ní ọdún tí mo pé méjìlá, wọ́n yàn mí pé kí n dá orin kọ níbi ìkórè àwọn ọmọdé. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ la máa ń lọ fi orin dánra wò, èmi ni wọ́n sì ní kí n dúró níwájú, kí àwọn ọmọbìnrin méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti máa gbè é.

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ di imú, ó sún sẹ́yìn. Ó ní òun ò lè dúró ti ẹni tó ń rùn bíi màlúù. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, Ọlọ́ràá ni wọ́n ń pè mí. Ìyá tó ń kọ́ wa lórin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí n máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dáadáa kí n tó máa bọ̀. Èèyàn rere ni, kò ní èrò ibi kankan sí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òun náà ń gbóòórùn mi. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́, mo fi iyanrìn bó o, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Bí mo bá ti gbé e sí imú, ọ̀rá ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ lọ́yà dé. Wọ́n fẹ́ sáré ẹṣin ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi, lọ́yà sì fẹ́ ọ̀já gàárì tuntun. Ọ̀já gàárì ni awọ gbọọrọ tí wọ́n ń gbà sábẹ́ ikùn ẹṣin láti fi de gàárì mọ́ ọn lẹ́yìn. Òun ló di ẹlẹ́ṣin mú. Bó bá já, gàárì á yí, ẹni tó jókòó lé e á sì bá a yí. Àárín gbùngbùn awọ ẹ̀yìn màlúù ni bàbá mi ti gé e, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rán an. Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta,” ni wọ́n wí. “Òní, ọ̀la, ọ̀tunla. Mò ń lọ fún àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò ní í sí níbí láti wò ọ́. Ṣé o ti gbọ́?”

“Mo ti gbọ́, Bàbá.”

Mo gbé ìkòkò ọ̀rá kaná. Bí òórùn rẹ̀ ṣe jáde báyìí, mo rántí ọmọbìnrin yẹn àti ọwọ́ tó fi di imú. Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo sọ ìkòkò náà kalẹ̀. Lórí pẹpẹ ni pọ́líìṣì bàtà wà, èyí tí bàbá mi máa ń fi dán bàtà àwọn oníbàárà kí wọ́n tó wá gbà á, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kí n kàn fi díẹ̀ wò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, mo fi aṣọ nù ún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀já yẹn dán! Ó dán ju èyí tí mo ti ń fi ọ̀rá pa láti ọjọ́ yìí wá lọ. Mo gbé e kọ́ sẹ́bàá fèrèsé. Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Ẹtì, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo fọ ọwọ́ mi, mo lọ síbi orin.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá mi dé láti ibi àwẹ̀, ojú wọn ti jìn wọnú. Wọ́n gbójú sókè wo ọ̀já tó ń dán, wọ́n ní, “O káre,” wọ́n sì lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́ṣin wá gbà á, ìkánjú wà lára wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wẹ àwọn ẹṣin. Ìgbà gbogbo ni wọ́n máa ń ká okùn wò kí wọ́n tó gbà á. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n fẹ́ ká a, wọ́n bojú wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìyá kékeré ló ṣe é,” ni wọ́n wí. “Kí ni mo tún ń wò?” Wọ́n wé e sínú aṣọ, wọ́n lọ.

Mo kọrin náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo kọ ọ́ dáadáa, mi ò ní í purọ́. Àwọn ìyá ń sunkún, wọ́n ń ju aṣọ sílẹ̀ fún mi láti tẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn dúró tì mí gbágbáágbá, kò di imú. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí ọ̀já kankan.

Ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè ni ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù wa, òógùn bò ó. Ó ní lọ́yà já bọ́ lórí ẹṣin. Ó ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, egungun èjìká rẹ̀ ti fọ́. Bàbá mi bèèrè ohun tó fà á. Ọkùnrin náà ní, “Wọ́n ní ọ̀já gàárì ló já, bàbá.” Ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ bàbá mi bọ́ sílẹ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ mú un. Èmi, mo sá lọ sẹ́yìnkùlé.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́yà ránṣẹ́ pé kí bàbá mi wá. Bàbá mi ní kí n tẹ̀ lé àwọn. “Ìwọ lo fún un ní òróró,” ni wọ́n wí. “Wàá sọ bó ṣe rí fún wọn.” Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń mú ẹlẹ́rìí rere lọ sílé ẹjọ́.

Lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la bá lọ́yà, wọ́n ti fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Bàbá Ẹlẹ́ṣin dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n di í mú níwájú. Ọ̀já náà wà lórí tábìlì, ó ti já sí méjì.

Lọ́yà ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Nǹkan tẹ́ ẹ ṣe fún mi kò já rí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé látilẹ̀ ló ti bàjẹ́ àbí ìwọ,” ó nawọ́ sí Bàbá Ẹlẹ́ṣin, “ìwọ lo bà á jẹ́?”

Bàbá mi mú ọ̀já náà. Wọ́n ká a. Ó dún káká bí ewé gbígbẹ. Wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọ́n sì gbé e kúrò.

“Ó gbẹ,” ni wọ́n wí.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbẹ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín?”

Bàbá mi yíjú sí mi. “Ṣé o fi òróró pa á lẹ́ẹ̀mẹta bí mo ṣe sọ?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ro ohun tí mo lè dáhùn ní àìmọye ìgbà láti ọjọ́ yẹn. Mo ti dáhùn rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ti dáhùn rẹ̀ nídìí ààrò. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ni, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Bàbá Ẹlẹ́ṣin tọrọ àyè, wọ́n gba ọ̀já náà. Wọ́n fi èékánná ha á lára, pọ́líìṣì sì wà ní orí èékánná wọn, awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ funfun bí eegun. Wọ́n wo èékánná náà. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. Ojú wọn ò le. Bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí wọ́n bá bèèrè ọwọ́ mi náà ni wọ́n ṣe wò mí. Wọ́n rọra nu ìka wọn sára aṣọ.

“Oòrùn ni, ọ̀gá,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo sá a sóòrùn. Mo sá a, mo gbàgbé.”

Lọ́yà ò pariwo. Ó kàn ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bàbá mi la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. A kí lọ́yà pé Ọlọ́run á wo apá rẹ̀ sàn, a sì padà sílé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Ẹlẹ́ṣin gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa kọjá, wọ́n gbé àpótí páànù kan lérí, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fẹ́ lọ wọ̀. Wọ́n dúró kí bàbá mi. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú títí. Bàbá mi bọ́ bẹ́líìtì tó wà ní ìdí wọn, èyí tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ lò, wọ́n sì ki í bọ Bàbá Ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́. Ó yà mí lẹ́nu, torí mi ò rí kí wọ́n fi bẹ́líìtì yẹn tọrẹ rí. Bàbá Ẹlẹ́ṣin wá yíjú sí mi níbi tí mo fara pamọ́ sí lẹ́yìn tábìlì.

“Ìyá kékeré,” ni wọ́n wí, “orin yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ kọ ọ́ dáadáa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an.”

Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n lọ. Láti ṣọ́ọ̀bù wa sí ibùdókọ̀ ojú irin kò ju ibi tí ọmọdé lè sáré dé láìmí gúlegúle. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Mo dúró síbi tí mo wà títí mo fi gbọ́ tí ọkọ̀ fọn fèrè, mo sì ṣì dúró lẹ́yìn ìyẹn.

Bàbá mi ò bá mi wí. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí awọ mìíràn tó òróró, àwọn fúnra wọn ló kó ọwọ́ bọ ìkòkò. Wọn ò pè mí mọ́. Mo rò pé torí mo ti ń di wúńdíá ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ sí ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Lọ́yà ò gun ẹṣin mọ́. Ó ta àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì ń tà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí pápá náà fi di igbó, tí wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi ti di arúgbó tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, mo mú wọn sọ́dọ̀ ara mi ní Bódìjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mò ń fi òrí pa ẹsẹ̀ wọn, mo ṣàdédé jẹ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀rá, pọ́líìṣì, ọmọbìnrin tó di imú. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mo ti mọ̀,” ni wọ́n wí. “Mo gbóòórùn pọ́líìṣì lára rẹ̀ lójú lọ́yà.”

Ọwọ́ mi dúró. “Ẹ ti mọ̀, Bàbá? Ẹ wá ń bi mí ní ìbéèrè yẹn?”

“Mo rò pé wàá sọ òtítọ́. Nígbà tí o ò sọ ọ́, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ní ọmọ mi ló ṣe é, ta ló tún máa gbéṣẹ́ wá fún mi ní Onírèké? Ẹnu mẹ́fà ni mò ń bọ́. Nígbà tí ọkùnrin yẹn sì sọ tirẹ̀, mo ní kó rí bẹ́ẹ̀.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ọmọdé lo jẹ́ ní tìẹ. Àgbàlagbà ni mo jẹ́.”

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Lọ sí Sábó. Lọ bèèrè rẹ̀ fún mi. Bó bá ti kú, ó ní ọmọ.”

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Mo bá àwọn bàbá kan níwájú mọ́ṣáláṣí, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní mò ń wá ọkùnrin gíga kan, tínínrín, tó ń tọ́jú ẹṣin lọ́yà ní Onírèké ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn bèèrè pé, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

Mo ní, “Bàbá Ẹlẹ́ṣin.”

Wọ́n wo ara wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. “Ìyá,” ni bàbá náà wí, “èmi náà ti tọ́jú ẹṣin rí. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ni ẹ̀yin ń pe gbogbo wa. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mò ń bèèrè. Ọmọ ta ni? Ìlú wo ló ti wá?”

Mi ò mọ̀. Ọkùnrin tó mọ ọwọ́ mi, tó mọ ohùn mi, tó gba ẹ̀bi mi gbé lọ sílé, mi ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo wọ ọkọ̀ padà.

“Ṣé o rí i?” ni bàbá mi bèèrè kí n tó jókòó.

“Mi ò rí wọn, Bàbá. Àwọn ará Sábó bèèrè orúkọ wọn, mi ò mọ̀ ọ́n. Kí lorúkọ wọn?”

Bàbá mi ronú. Mo rí i bí ètè wọn ṣe ń mì, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí. Níkẹyìn wọ́n ní, “Èmi náà ò bèèrè rí.” Wọ́n sì yíjú sí ògiri. Wọn ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn.

Ayé ti yí, mo mọ̀. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Dùgbẹ̀, fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tó máa gbà yín gbọ́ bí ẹ bá ní wọ́n ti ń yọ́ ọ̀rá màlúù níbẹ̀ rí. Ọ́fíìsì ló kún ibi tí ilé ẹṣin wà ní Onírèké. Àwọn èèyàn ò ní sùúrù ọjọ́ mẹ́ta fún awọ mọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, torí èmi náà ò ní i nígbà tó yẹ kí n ní i.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n pe ọmọ-ọmọ mi síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ring Road, mo sì bá a lọ. Wọ́n mú ẹṣin kan wá tí àwọn ọmọ ń gùn yí ọgbà ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń fà á, Òkè Ọya lòun náà ti wá. Mo lọ wo ọ̀já gàárì rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ni, pẹ̀lú ìdè oníke. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ń pariwo sí i pé, “Ẹlẹ́ṣin, rọra o! Ẹlẹ́ṣin, ó tó, gbé ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀!” Ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fà wọ́n débi tí mo wà, mo dá a dúró. Mo bi í pé, “Kí lorúkọ yín?”

Ó rò pé ẹjọ́ ni. Ó ní, “Màmá, ṣé mo ṣe nǹkan ni?”

Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́. Mo bèèrè ìlú rẹ̀, ó sọ ọ́, ó tún sọ adúgbò tí ilé wọn wà níbẹ̀. Mo pè wọ́n tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tún ahọ́n mi ṣe títí mo fi pè wọ́n bó ṣe yẹ. Ọmọ-ọmọ mi tó wà lórí ẹṣin ti ń ráhùn pé kí n jẹ́ káwọn máa lọ.

Mi ò ní í kọ orúkọ náà síbí, torí tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ jù, kì í sì í ṣe orúkọ ẹni tí mò ń wá.